Bí ẹ ṣe lè di akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nílé ẹ̀kọ́ gíga, kí ẹ sì pẹ́ nídìí ẹ̀

Ọdọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ tó ti gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n rí máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Màámi Kóòṣì, báwo lèmi náà ṣe lè máa kọ́ ikọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga?" Ìkòròdú ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Mo ti dáhùn ìbéèrè yìí lórí fóònù, mo ti dáhùn ẹ̀ nínú mọ́tò Máílì 12, mo ti dáhùn ẹ̀ lójú agbo ìnáwó. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí gbogbo ẹ̀ lè wà lójú kan.

Iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí kíkọ́ ikọ̀ kílọ́ọ̀bù. Kílọ́ọ̀bù lè di agbábọ́ọ̀lù kan mú fún ọdún mẹ́wàá. Ní tiwa, ọmọ tó bá wọlé fún ND, ìyẹn ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní pólì, ọdún méjì péré ló ní. Tó bá jẹ́ yunifásítì, ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni. Ìgbà tí eré náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ lára tán gan-an ló máa gba ìwé ẹ̀rí tó máa lọ sìnrú ìlú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò bá fi èyí sọ́kàn, gbogbo ìgbà ni yóò máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé iṣẹ́ wa gan-an ni kí á kọ́ ọmọ débi tí òun náà á fi lè kọ́ ẹlòmíì kó tó lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wọ̀nyí forí tì sí.

Bí ẹ ṣe máa wọlé síṣẹ́

Ẹ̀ka eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ ló ń gba akọ́nimọ̀ọ́gbá, wọ́n á sì bèèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ yín. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn ka Human Kinetics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa eré ìdárayá, ní yunifásítì, bíi ti Ìbàdàn tàbí UNILAG, tàbí kó lọ sí National Institute for Sports ní Sùúrùlérè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá níṣẹ́. Bí ẹ bá ti gbá bọ́ọ̀lù náà rí, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá lè má mọ̀ ọ́n kọ́ rárá.

Bí kò bá tíì sí àyè iṣẹ́, ẹ lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka náà, ẹ ní ẹ fẹ́ máa ran akọ́nimọ̀ọ́gbá tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ máa kó bọ́ọ̀lù. Ẹ máa kọ orúkọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Ẹ máa ka iye bọ́ọ̀lù tí ọmọ kọ̀ọ̀kan jù àti iye tó wọlé. Ẹni tó bá ń ṣe èyí láìjẹ́ pé wọ́n ń rán an létí, òun ni wọ́n máa ń rántí nígbà tí àyè bá ṣí.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí ilé ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ fún àwọn ní mọ́tò, kí wọ́n fún àwọn ní owó oṣù tó jọjú. Mo máa ń sọ ìtàn Pat Summitt fún wọn. Ọmọ ọdún 22 ni lọ́dún 1974, nígbà tí yunifásítì Tennessee ní Amẹ́ríkà gbé ikọ̀ àwọn obìnrin lé e lọ́wọ́. Dọ́là 250 ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Òun ló ń wa ọkọ̀ ikọ̀, òun náà ló ń fọ aṣọ ìṣeré wọn. Eré tó kọ́kọ́ darí, pọ́ìǹtì kan ṣoṣo ni wọ́n fi nà wọ́n. Nígbà tó máa fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2012, ikọ̀ rẹ̀ ti borí nígbà 1,098, wọ́n sì ti gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè náà nígbà mẹ́jọ. Mi ò sọ pé kí ẹ gbà kí wọ́n máa rẹ́ yín jẹ o. Owó yín, ẹ bèèrè ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí iṣẹ́ ti máa lọ nígbà tí ẹ bá ń bèèrè.

Ẹ tún mọ ìdíje tí ilé ẹ̀kọ́ yín ń lọ. Àwọn yunifásítì ló ni NUGA, àwọn pólì ló ni NIPOGA, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ló ni NICEGA. Ọ̀rọ̀ yìí yé àwa ará Ìkòròdú, torí LASPOTECH tó wà níbí di yunifásítì lọ́dún 2022, òun la ń pè ní LASUSTECH báyìí. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá yí padà bẹ́ẹ̀, àwọn tí ẹ ó máa bá figagbága náà yí padà. Ọmọ tó ti lo ọdún mẹ́rin nínú ikọ̀ kan yàtọ̀ sí ọmọ tó lo méjì.

Ẹ gba kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n ẹ má finú tán an. Lọ́dún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní oṣù kejì, oṣù kẹwàá ló tó parí. NUGA tí UNILAG gbà lálejò lọ́dún yẹn, oṣù kẹta ló bọ́ sí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé, tí wọn kò mú iṣẹ́ kankan dání lọ, kí ló fẹ́ kó lọ sí ìdíje? Ọmọ mi kì í lọ sílé fún ìsinmi láìgba ìwé kan lọ́wọ́ mi: okùn fífò, ìdìde-ìjókòó, jíju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Kò sí èyí tó nílò pápá nínú wọn. Ẹ̀yìnkùlé tó.

Bí ẹ ṣe máa wá àwọn ọmọ

Ẹ má dúró de ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gbá tẹ́lẹ̀. Wọn ò pọ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama wa kò ní ibi tí wọ́n ti lè gbá a. Ẹ lọ sí ìdíje eré sísá àwọn girama nígbà tí ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ wo àwọn tó ń fò sókè, àwọn tó ń gbá handball, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú ilé, àwọn tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù. Hakeem Olajuwon tí a bí ní Èkó, handball ló ń gbá ní Muslim Teachers College kó tó bọ́ sídìí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ọdún 1980 ló dé yunifásítì Houston lọ́dọ̀ Kóòṣì Guy Lewis, wọn kò sì jẹ́ kó wọ eré kankan ní sáà àkọ́kọ́ yẹn. Ó ń kọ́ ni. Nígbà tó máa di 1983 àti 1984, ikọ̀ Houston ti dé àṣekágbá léraléra, òun náà sì ni wọ́n kọ́kọ́ mú nígbà tí àwọn ikọ̀ NBA, líìgì ńlá Amẹ́ríkà, ń yan agbábọ́ọ̀lù lọ́dún 1984. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí, orí pápá handball ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń wò lára ọmọ kì í ṣe gíga nìkan. Mo máa ń wò ó bóyá ó ń sáré padà nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ ikọ̀ rẹ̀. Mo máa ń sọ ohun méjì fún un lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì ń wò ó bóyá ó ṣe méjèèjì. Ọmọ tó gùn tí kì í gbọ́ràn yóò gba gbogbo ọdún méjì yín mọ́ yín lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ọmọ, òbí ló kù, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ní Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ ìyá ni kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn máa wọ ṣòkòtò péńpé níta, mi ò sì rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ọmọ kan wà tó mọ̀ ọ́n fò bí ológbò, ìyá rẹ̀ ń ta ẹja tútù ní ọjà Sábó. Mo lọ bá wọn níbẹ̀.

"Ẹ káàsán, Alhájà. Ẹ kú ọjà o."

"Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Ṣé ọmọ mi ṣẹ̀ yín ni?"

"Ó tì o, Alhájà. Dáadáa tó ṣe ló gbé mi wá."

Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n fún mi ní àpótí jókòó. Mo ṣàlàyé ohun tí mo bá wá. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n wá ní: "Kóòṣì, mi ò ní kí ọmọ má ṣeré. Aṣọ yẹn ni mi ò lè gbà. Kí ni kí n sọ fún bàbá ẹ̀?"

Mo fi àwòrán hàn wọ́n lórí fóònù mi, ọmọbìnrin tó fi ìborí bo orí, tó wọ aṣọ tó gùn dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lábẹ́ ti ikọ̀, tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo ṣàlàyé fún wọn pé láti ọdún 2017 ni FIBA, àjọ tó ń darí eré yìí lágbàáyé, ti fọwọ́ sí i kí ẹni tó bá fẹ́ bo orí máa bò ó. Wọ́n wo àwòrán náà pẹ́. Wọ́n ní, "Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, ta ló máa mú un délé?" Mo ní èmi ni, àti pé kò sí ọmọ mi tó ń dá kúrò ní pápá. "Ẹ jẹ́ kí n bá bàbá ẹ̀ sọ ọ́. Ẹ padà wá ní Àlàmísì."

Mo padà lọ ní Àlàmísì. Ẹ̀yin náà, ẹ máa padà lọ. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ fún òbí ní nọ́ńbà yín, ẹ gba tiwọn. Ẹ má ṣe bá ọmọbìnrin kankan ṣe ìpàdé nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Ẹ má ṣe rán ọmọ wá sílé yín. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ fẹ́ kọ́ obìnrin, òfin yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú yín, ẹ sì rí i pé obìnrin àgbà kan wà pẹ̀lú yín nígbà tí ẹ bá ń rìnrìn-àjò.

Pápá, bọ́ọ̀lù, bàtà

Tépù ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Pápá tó péye jẹ́ mítà 28 ní gígùn, mítà 15 ní fífẹ̀, irin àwọ̀n sì gbọ́dọ̀ ga ní mítà 3.05 sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wọ̀n ọ́n. Àwọn wẹ́dà máa ń jó irin yìí mọ́ òpó níbi tí ọwọ́ wọn bá tó ni, àwọn ọmọ tó fi odidi ọdún jù ú sí irin tó rẹlẹ̀ á wá dé ibi ìdíje, bọ́ọ̀lù wọn á máa kan etí irin níwájú. Bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ni nọ́ńbà 6, ti ọkùnrin ni 7. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi 7 kọ́ obìnrin torí òun ló wà nílẹ̀.

Kọnkéré ni pápá wa, ìta ló sì wà. Iyanrìn tó bá wà lórí rẹ̀ ló ń fa ìṣubú, torí náà ìgbálẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ mú lówùúrọ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ sí méje ni àsìkò wa, kí oòrùn tó mú, kí wọ́n tó lọ sí kíláàsì.

Bàtà òkírìkà ni ọ̀pọ̀ wọn ń wọ̀, kò sì burú. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yàn án. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ ìdí rẹ̀: tó bá le gbagidi, rọ́bà rẹ̀ ti gbó, yóò yọ̀ lórí kọnkéré. Ẹ di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ di orí rẹ̀ mú, ẹ lọ́ ọ: tó bá ń lọ́ bí aṣọ tí à ń fún, ẹ dá a padà sórí igbá. John Wooden, tó gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè mẹ́wàá pẹ̀lú yunifásítì UCLA láàárín 1964 sí 1975, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ tó bá ká jọ á bó ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ tó bá bó kò ní lè ṣeré lọ́la. Èmi náà ń ṣe é. Àwọn ọmọ máa ń wojú ara wọn ní ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n wọn kì í ráhùn egbò lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹsẹ̀ ló ṣáájú ọwọ́

Ọmọ tuntun á fẹ́ ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè. Ẹ má gbà fún un. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò kì í jẹ́ kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n rárá. Dídúró la máa ń kọ́: sáré, kí o sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ pa pọ̀, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kí ìdí rẹlẹ̀, kí ojú wà lókè. Ẹni tó bá lè dúró báyìí lè yí síbikíbi. Ẹni tí kò lè dúró, rẹfirí á fọn fèrè ìrìnkurìn, ìyẹn gbígbé ẹsẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, fún un títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni lay-up, ìyẹn fífò súnmọ́ àwọ̀n láti fi bọ́ọ̀lù sínú ẹ̀. Òpin rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ dúró sí apá ọ̀tún irin, bí ìṣísẹ̀ kan sí i, lórí ẹsẹ̀ òsì nìkan. Kó gbé orúnkún ọ̀tún sókè, kó gbé bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọ̀tún, kó fi kan igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún nínú àpótí tí wọ́n yà sára pátákó. Àpótí yẹn fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 59, ó ga ní 45. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ti ṣí, ẹ tún un kùn, torí ibẹ̀ ni ojú ọmọ gbọ́dọ̀ wà. Kó ṣe é títí tí kò ní máa ronú mọ́. Ẹ wá fi ìṣísẹ̀ kan kún un lẹ́yìn: ọ̀tún, òsì, òkè. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó lu bọ́ọ̀lù nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó gbé ẹsẹ̀. Ìgbà tí èyí bá gún ni kó tó sáré bọ̀ láti òkèèrè. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè, ẹsẹ̀ á dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tó ṣe pàtàkì jù.

Ṣọ́ọ̀kì ni mo máa ń fi ya ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti fọ ṣọ́ọ̀kì lọ, ọmọ Bàyékù kan tó ti wà nínú ikọ̀ fún ọdún mẹ́ta ń kọ́ àwọn tuntun. Ó bọ́ sílípáàsì tó wọ̀ wá, ó gbé ti ọ̀tún kalẹ̀ níbi tí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ yẹ kó wà, ó gbé ti òsì sí iwájú rẹ̀. "Má wo ọwọ́ ẹ," ló sọ fún èyí tó kéré jù. "Ọwọ́ ẹ mọ ibi tó ń lọ. Gba ẹ̀gbẹ́ sílípáàsì mi kọjá, má tẹ̀ ẹ́." Ọmọ yẹn tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sún sílípáàsì náà súnmọ́ra díẹ̀, torí ẹsẹ̀ ọmọ náà kò gùn tó tirẹ̀. Ó wá gún. Mo dúró sẹ́bàá ibẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Láti ìgbà náà, sílípáàsì la fi ń kọ́ ọ, torí a lè sún un bí ẹsẹ̀ olúkúlùkù ṣe gùn tó, ṣọ́ọ̀kì kò ṣe é sún.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan máa ń ní ẹ̀gbọ́n kan nínú ikọ̀, ẹni tó ti lò tó ọdún kan níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ló máa kọ́ ọ ní dídúró, lay-up, àti bí a ṣe ń dínà mọ́ ẹni tó ní bọ́ọ̀lù. Bí àbúrò ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè. Ọmọ tó rò pé òun ti mọ nǹkan kan á rí i pé òun kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa ní ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ bá ní "kí ló dé tí ẹsẹ̀ òsì fi ń kẹ́yìn?" Á wá mi wá, á bèèrè. Ìgbà yẹn ló ń di ti ara rẹ̀. Bí ó bá sì gba ìwé ẹ̀rí lọ, kò kó gbogbo ẹ̀ lọ.

Orúnkún

Mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ ka èyí. Okùn inú orúnkún àwọn obìnrin máa ń já nínú eré yìí ju ti àwọn ọkùnrin lọ dáadáa, ó sì lè fi òpin sí eré ọmọ. Ìbalẹ̀ ló ń fa púpọ̀ nínú ẹ̀. Kí ọmọ dúró lórí àtẹ̀gùn kékeré tàbí búlọ́ọ̀kù, kó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀yin, ẹ lóṣòó síwájú rẹ̀, ẹ wo orúnkún. Ó yẹ kó kọjú síbi tí àwọn ìka ẹsẹ̀ kọjú sí. Bó bá ń wọ inú, tí orúnkún méjèèjì fẹ́ máa kan ara wọn, ewu nìyẹn. Ẹ tún fetí sílẹ̀: ìbalẹ̀ tó bá dún gbì, egungun ló gbà á. Ìtan àti ìdí ló yẹ kó gbà á. Mo máa ń ṣe èyí kí a tó bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, ọmọ ọdún kìíní àti ti àṣekágbá.

Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá yẹ̀, pure water dídì ni kí ẹ fi wé aṣọ kí ẹ gbé lé e, ìṣẹ́jú 15 sí 20, kó gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o lọ́jọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Bí kò bá lè tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀ rìn, ilé ìwòsàn ló kàn, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀.

Ọjọ́ eré

Abala mẹ́rin ni eré kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìsinmi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá lè bèèrè fún jẹ́ méjì ní ìdajì àkọ́kọ́, mẹ́ta ní ìdajì kejì, ìṣẹ́jú kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú kan kì í tó nǹkan: ọmọ á kọ́kọ́ mumi, á kọ́kọ́ mí. Ẹ sọ ohun méjì péré. "Ẹ padà kíá. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án wọn, ọwọ́ òsì kò sí lára ẹ̀." Ó parí. Bí ẹ bá sọ márùn-ún, kò sí èyí tí wọ́n máa rántí.

Ẹ ní ẹnì kan tó ń kọ fáòlù sílẹ̀. Ìkarùn-ún lé ọmọ kúrò nínú eré, ẹni tó bá sì ní mẹ́ta kí ìdajì eré tó parí, ẹ jẹ́ kó sinmi. Fáòlù ikọ̀ náà, tó bá ti di márùn-ún ní abala kan, àwọn tó ń bá yín gbá á ti máa ju free throw méjì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sáwọ̀n láìsí ẹni tó ń dínà. Rẹfirí lè ṣe ohun tó dùn yín wọra. Kápútẹ́ẹ̀nì ni kó bá a sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn ọmọ yín ń wojú yín, bí ẹ bá gbaná jẹ, àwọn náà á gbaná jẹ.

Ìwé àti owó

Gbogbo ọmọ tó parí sáà rẹ̀ lọ́dọ̀ Pat Summitt ní Tennessee ló gba ìwé ẹ̀rí. Ìyẹn wú mi lórí ju ife-ẹ̀yẹ mẹ́jọ lọ. Mo máa ń gba àbájáde ìdánwò ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń já, kò ní bá wa rìnrìn-àjò títí yóò fi tún un ṣe, kódà bó jẹ́ òun ló dáa jù. Mo máa ń kọ lẹ́tà sí àwọn olùkọ́ kí ìdíje tó dé, kí wọ́n lè fún ọmọ láyè ṣe ìdánwò tó bá bọ́ sí ọjọ́ ìrìn-àjò. Mi ò bèèrè máàkì rí, ẹ̀yin náà ẹ má bèèrè ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò, pápá wà ní títì.

Ní ti owó, ẹ tètè kọ lẹ́tà, ẹ fi iye gbogbo nǹkan síbẹ̀, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Mo ti bá àwọn aláṣẹ kan ṣiṣẹ́ rí tí owó oúnjẹ àwọn ọmọ kò dé títí ìdíje fi parí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pe àwọn ọmọ wa tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gbádùn ikọ̀ nígbà tó wà níbẹ̀ á ra àpò ìrẹsì kan láìjanpata.

Bí ẹ ṣe máa pẹ́ nídìí ẹ̀

Ọdún 1948 ni Wooden dé UCLA, 1964 ló tó gba ife-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́. James Naismith tó dá eré yìí sílẹ̀ ní Springfield lọ́dún 1891, nígbà tó kọ́ ikọ̀ yunifásítì Kansas, 55 ló borí, 60 ló pàdánù. Ẹ má jẹ́ kí ìyà ìdíje kan lé yín kúrò.

Ẹ má sì kánjú láti di ọ̀gá pátápátá. Rena Wakama ṣe igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ní yunifásítì Stony Brook ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2023 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó darí ikọ̀ gba AfroBasket àwọn obìnrin, ìyẹn ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, pẹ̀lú D'Tigress, ikọ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà wa. Ní Paris lọ́dún 2024, ó gbé wọn dé kọ́tà-fáínà, ìpele tó ku ikọ̀ mẹ́jọ, ibi tí ikọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ilẹ̀ Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, kò dé rí ní Òlíńpíìkì, wọ́n sì fún un ní oyè akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dáńgájíá jù nínú ìdíje àwọn obìnrin náà. Ẹni tó bá ṣe igbákejì dáadáa máa ń rí ohun tí ọ̀gá kò ráyè rí. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ ọ́ sí: ọmọ wo ló ń fi ẹsẹ̀ òsì kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n wo ló kọ́ ọ, kí ni ẹ sọ tó fi yé e. Bí ẹ bá máa kúrò nílé ẹ̀kọ́ yẹn, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ yàrá bọ́ọ̀lù àti nọ́ńbà àwọn òbí.

Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá ń lọ, ohun tí ẹ máa mú dání nìyí: ìgbálẹ̀, tépù, ṣọ́ọ̀kì, fèrè, pure water dídì márùn-ún nínú kúlà, ìwé àti bírò, àti sílípáàsì kan.